Ernst Henne àti Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í sú, mo kí yín o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi alùpùpù sáré ìje. Wọ́n pọ̀. Bí mo bá ní kí n máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí níbí. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mú, òun ni Ernst Jakob Henne. Láàárín 1929 sí 1937, ọkùnrin yìí gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé 76, bí a bá ka ti oríṣiríṣi ìsọ̀rí ẹ́ńjìnnì àti oríṣiríṣi ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn. Nínú àwọn ọdún náà, méje wà tó jẹ́ pé rẹ́kọ́ọ̀dù tó ga jù lọ pátápátá ló gbà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò tíì sí ẹ̀dá kan tó sáré tó o rí lórí alùpùpù.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ìjà Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò jẹ̀bi, torí ìjà náà wà lóòótọ́, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀tá tí Henne dojú kọ kò ní orílẹ̀-èdè. Afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá fi ojú afẹ́fẹ́ wo gbogbo ohun tó ṣe lórí alùpùpù, ẹ óo rí i bó ṣe so kọ́ra.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1904 ní Weiler, abúlé kan ní agbègbè Allgäu ní gúúsù Jámánì, níbi tí òkè Alps ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, gàárì ẹṣin ló ń rán. Ọmọ kò tẹ̀lé iṣẹ́ bàbá. Ní 1919, ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Jámánì ti fìdí rẹmi, ọkọ̀ ti ń gba títì lọ́wọ́ ẹṣin díẹ̀díẹ̀, Henne sì lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú dáadáa. Kí ó tó di eléré ìje, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ti mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sáré.

Ní 1923 ló kọ́kọ́ bọ́ sí pápá ìdíje, ní Mühldorf, ìlú kan ní Bavaria. Orí yanrìn ni wọ́n ti sáré, Megola ló sì gùn. Ó ṣe ipò kẹta. Ọdún yẹn kan náà ni owó Jámánì di bébà lásán, tí ènìyàn ń kó àpò owó lọ ra búrẹ́dì. Kí mẹkáníìkì ọmọ ọdún 19 wá rí ọ̀nà dé orí alùpùpù ìje lásìkò bẹ́ẹ̀, ó gba ìfẹ́ tó jinlẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Megola yẹn, torí irú rẹ̀ kò tún sí mọ́. Munich ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú wíìlì iwájú ni wọ́n kó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí: sìlíńdà márùn-ún, wọ́n tò wọ́n yí àárín wíìlì ká, gbogbo wọn sì ń yí bí wíìlì bá ti ń yí. Kò ní kíláàṣì, kò ní jíà. Bí o bá dúró, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn, àfi kí o tún tì í kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ, ó ń lọ nìyẹn, torí ìwúwo rẹ̀ wà nílẹ̀, kì í tètè mì. Orí irú ẹ̀rọ báyìí ni Henne ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1925 ó lọ sí Monza ní Ítálì, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sáré nílẹ̀ òkèèrè, ó ṣe ipò kẹfà nínú ìsọ̀rí 350 cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó). Kì í ṣe ipò tí ènìyàn máa tìtorí rẹ̀ pa màlúù, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó rí i ti rí i. Ní 1926, BMW gbà á sínú ẹgbẹ́ eléré ìje wọn.

A ò lè sọ̀rọ̀ Henne ká má sọ ti BMW. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe lákòókò ogun. Nígbà tí ogun parí, àdéhùn Versailles kò jẹ́ kí Jámánì máa ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ebi iṣẹ́ ló lé wọn dé ìdí alùpùpù. Ẹnjiníà wọn, Max Friz, ló ya R 32, tó jáde ní 1923: sìlíńdà méjì, ọ̀kan yọ sápá ọ̀tún, ọ̀kan yọ sápá òsì, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí àwọn méjèèjì dọ́gba kí wọ́n má gbóná jù. Kò lo ṣéènì. Ọ̀pá irin ló ń gbé agbára lọ sí wíìlì ẹ̀yìn. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin mẹ́jọ àbọ̀ lọ, bó bá sì sáré títí, kò lè kọjá nǹkan bíi kìlómítà 95 ní wákàtí kan. Ẹnjiníà mìíràn, Rudolf Schleicher, ló wá tún orí ẹ́ńjìnnì náà ṣe kí ó lè mí dáadáa. Schleicher yìí kì í ṣe onítábìlì. Ní 1926 ó gun alùpùpù tó ṣe fúnra rẹ̀ lọ sí ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà bọ̀. Àárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Henne bọ́ sí, ilé tí ẹnjiníà ti ń gun alùpùpù, tí ẹni tó ń gun alùpùpù náà sì mọ irin.

Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò kìíní. Ó di aṣíwájú Jámánì nínú ìsọ̀rí 500 cc ní 1926, ó di ti 750 cc ní 1927, ó gba Targa Florio ti àwọn alálùpùpù ní 1928. Sicily ni wọ́n ti ń sá ìyẹn, lórí ọ̀nà òkè tó kún fún eruku, kọ́nà lórí kọ́nà.

Àwọn ìdíje wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di Henne bẹ̀rẹ̀ ní 1929.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Wọ́n á wọn kìlómítà kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹni tó fẹ́ sáré á ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó bá máa fi wọ inú kìlómítà náà, eré rẹ̀ ti dé góńgó. Lẹ́yìn náà á tún yí padà, á sá a bọ̀. Wọ́n á ro ìlọ àti àbọ̀ pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń ti ènìyàn lẹ́yìn nígbà tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ kọlù ú níwájú nígbà tó ń bọ̀. Àwọn tó ṣòfin eré yìí pàápàá mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Nígbà yẹn, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni rẹ́kọ́ọ̀dù wà. Herbert Le Vack ló fi Brough Superior, alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì kan, sá kìlómítà 207 àti díẹ̀ ní wákàtí kan ní Arpajon, ní Faransé. BMW mú ẹ́ńjìnnì 735 cc, wọ́n gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ lé e lórí, ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú sìlíńdà ju bí ẹ́ńjìnnì ì bá ti fà á fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1929, ní òpópónà tó ti Munich lọ sí Ingolstadt, Henne gùn ún. Kìlómítà 216.75 ní wákàtí kan. Títì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sọ́jà ni ọ̀nà yẹn o, kì í ṣe pápá ìje.

Àwòrán rẹ̀ láti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn wà, ẹni tó bá rí i kì í gbàgbé. Alùpùpù náà wà níhòòhò, kò sí ohun tó bo ẹ́ńjìnnì. Henne wọ aṣọ funfun, ó sùn mọ́ táńkì. Akoto orí rẹ̀ gùn sẹ́yìn, ó sì ṣóńṣó. Wọ́n wá so nǹkan gígùn kan mọ́ ìdí rẹ̀, tó fẹ̀ níbi tó ti lẹ̀ mọ́ ara, tó wá ń tínrín lọ sẹ́yìn títí tó fi di ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀dí lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń kọlu ènìyàn níwájú kọ́ ni gbogbo ìyọnu. Èyí tó pín sí méjì tó kọjá lára, tó wá ń yí kóókóó lẹ́yìn, ń fa ènìyàn sẹ́yìn pẹ̀lú. Nǹkan ṣóńṣó yẹn ló ń bá afẹ́fẹ́ náà padé pọ̀ wẹ́rẹ́ kó má baà yí. Alùpùpù rẹ̀ kò tíì ní ara tó ń gé afẹ́fẹ́, ni Henne bá fi ara tirẹ̀ ṣe é.

Ọdún tó tẹ̀lé e dùn. Ní Arpajon, ní òpin oṣù Kẹjọ 1930, Joe Wright, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sá kìlómítà 220.99. Kò pé oṣù kan tí Henne fi dá a lóhùn ní ọ̀nà Ingolstadt: 221.54. Ohun tó fi jù ú kò tó kìlómítà kan! Wright kò gbà. Ní oṣù Kọkànlá, ní Cork ní ilẹ̀ Ireland, ó gbé e dé kìlómítà 242 àti àbọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìfò kékeré. Ó gba Henne àti BMW ní ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó rí i gbà padà, wọ́n sì ní láti lọ sí Hungary, ní Tát, kí wọ́n tó rí ọ̀nà tó gùn tó sì tẹ́jú tó. Ní 1932, Henne sá 244.40 níbẹ̀. Ní 1934, ní Gyón, Hungary kan náà, ó gbé e dé 246.069.

Ẹ wo bí nọ́ḿbà ṣe ń falẹ̀ níbi yìí. Láti 1932 dé 1934, kìlómítà kan àti díẹ̀ péré ló fi pọ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì ti ń dé ibi tí kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe mọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà márosẹ̀ mọ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú ẹ̀wù, tí ẹ̀wù á wú, tí ojú á máa ṣomi. Bóyá kìlómítà 80 lẹ fi ń sáré nígbà náà. Bí ẹ bá sọ eré yẹn di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹ́ńjìnnì nílò láti borí rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kò sì ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbé e lé Henne lórí. Láti 216 tó bẹ̀rẹ̀ dé 279 tó parí sí, ká ní ìrísí rẹ̀ lójú ọ̀nà kò yí padà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni BMW ṣe? Wọ́n dín ẹ́ńjìnnì kù. Wọ́n fi 735 cc sílẹ̀, wọ́n mú 492. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti dára sí i, ẹ́ńjìnnì kékeré náà sì lágbára gan-an, n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbé wọn débẹ̀. Ìrísí ló gbé wọn débẹ̀.

Kí n tó dé orí ìrísí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn ọdún àárín yìí, torí Henne kò jókòó. Ní 1933, òun, Josef Stelzer àti Josef Mauermayer lọ sí Llandrindod Wells ní Wales fún ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà, wọ́n gba ife ńlá mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú ilé wọn. Jámánì tún gbà á ní 1934 àti 1935. Ẹni tó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sáré bí ọta ìbọn, tó tún lè fi ọjọ́ mẹ́fà rọra gun àpáta àti ẹrẹ̀ láìba alùpùpù jẹ́, kò wọ́pọ̀.

Ó wa ọkọ̀ ìje pẹ̀lú. Ní 1934, Mercedes-Benz mú un sínú ẹgbẹ́ wọn. Ní ìdíje Coppa Acerbo ní Pescara, ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Guy Moll, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bí ní Algeria, ń bọ̀ pẹ̀lú Alfa Romeo rẹ̀, ó fẹ́ kọjá lára Henne. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Moll ti bọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì kú. Wọ́n ti jiyàn lé e lórí títí: àwọn kan ní ọkọ̀ méjèèjì fara kan ara wọn, àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ló gbá a. Henne kò di gbajúmọ̀ nínú ọkọ̀ Grand Prix, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1936, ní Nürburgring, òun ni BMW gbé ọkọ̀ 328 tuntun lé lọ́wọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ojú ayé rí i, ó sì ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀.

Ní 1935 ni ọ̀nà tuntun ṣí láàárín Frankfurt àti Darmstadt, títì oníkọnkéré tó gbòòrò, tó tọ́. Ìjọba Hitler ló ṣí i, mi ò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Láti 1933, ìjọba yẹn ti sọ eré ìje di ohun tí wọ́n fi ń polongo ara wọn. Àwọn eléré ìje gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ ti ẹgbẹ́ òṣèlú náà, rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ń di ìròyìn tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ga. Mo gba iṣẹ́ ọwọ́ Henne tọkàntọkàn. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ náà láìsọ irú ìjọba tó ń lò ó, kò sọ òtítọ́ tán.

Lórí títì yẹn, Henne sá 256.04 ní 1935. Ní oṣù Kẹwàá 1936, ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ohun tí àwọn ará Jámánì ń pè ní ẹyin Henne: páànù fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo alùpùpù àti ẹni tó gùn ún pátápátá, tó yípo níwájú, tó tínrín lọ sẹ́yìn. Nǹkan ṣóńṣó tó ń so mọ́ ìdí ní ìjelòó ti wá di odindi ara ọkọ̀. 272.006, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò tó 500 cc.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tan afẹ́fẹ́ níwájú, á yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó wà lórí alùpùpù tó ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ń gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti lábẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà nínú páànù, páànù náà ni afẹ́fẹ́ ń tì lódindi. Bí iwájú rẹ̀ bá sì gbé sókè díẹ̀ báyìí, táyà iwájú kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Inú rẹ̀ lo wà, o ò lè fi ẹsẹ̀ gún ilẹ̀, o ò lè fò sílẹ̀.

Ọdún 1937 ni gbogbo rẹ̀ gbóná jù. Ní oṣù Kẹrin, Eric Fernihough, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, fi Brough Superior sá 273.244 ní Gyón. Ní oṣù Kẹwàá, Piero Taruffi, ọmọ Ítálì, fi alùpùpù Gilera sá 274.181 ní ilẹ̀ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ọdún kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, Henne padà sí títì Frankfurt. 279.503. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, kìlómítà kan náà kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 12.9 lọ. Ní 1929, ó gbà á ní 16.6. Ọdún mẹ́jọ gbáko, iṣẹ́ àìmọye ènìyàn, láti yọ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti díẹ̀ kúrò.

Ó sì dúró. Ọmọ ọdún 33 ni. Kò sá eré rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kí ẹ lè mọ ohun tó yẹra fún. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1938, oṣù méjì géérégé lẹ́yìn eré Henne, Bernd Rosemeyer, tí òun náà ti orí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ọkọ̀ Auto Union, lọ sí títì Frankfurt sí Darmstadt yẹn kan náà fún rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó kú. Ní ọdún yẹn kan náà, Fernihough padà sí Gyón láti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. N kò mọ ènìyàn tí yóò ka ọjọ́ wọ̀nyí tẹ̀ léra tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ.

Ẹ́ńjìnnì tí Henne lò kò sùn. Ní 1939, Georg Meier gun BMW 500 oníkọ̀mpírẹ́sọ̀ ní Isle of Man, ó gba Senior TT, ìdíje ńlá ti ibẹ̀, ọmọ Jámánì àkọ́kọ́ tó gbà á. Karl Gall, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti kú nígbà ìgbáradì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ogun dé, kò sí ẹni tó rántí eré mọ́.

Lẹ́yìn ogun, àjọ tó ń bójú tó eré alùpùpù fi òfin de kọ̀mpírẹ́sọ̀ nínú ìdíje, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gba Jámánì padà. Rẹ́kọ́ọ̀dù Henne wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án fún ohun tó lé ní ọdún 13. Oṣù Kẹrin 1951 ni Wilhelm Herz tó gun alùpùpù NSU sá kìlómítà 290, lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Munich lọ sí Ingolstadt. Agbègbè tí Henne ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú páànù tó ń gé afẹ́fẹ́ ni Herz náà wà.

Henne fúnra rẹ̀ ti wà nídìí òwò nígbà náà. Ó di alágbàtà Mercedes-Benz ní Bavaria, òwò náà sì gbòòrò gan-an. Ní 1991 ó fi owó tó rí níbẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn tí ìyà já lé lórí láìṣẹ̀ láìrò lọ́wọ́. Nígbà tó dàgbà tán, ó kó lọ sí Gran Canaria, erékùṣù Spain kan ní Òkun Àtìláńtíìkì, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2005, ẹni ọdún 101. Kò sí ẹnìkankan tó kù nínú àwọn tí wọ́n jọ du rẹ́kọ́ọ̀dù náà nígbà yẹn.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, pàápàá ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ nawọ́ yín sókè. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.